Ìràwọ̀ Márùn-ún Láti Ẹnu Òkú

Òkú kì í sọ̀rọ̀. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìkàrẹ́ Àkókó tó ń mú òkú sọ̀rọ̀. Kò lọ sójú oorì, kò sì lo oògùn. Orí fóònù ló ti ń ṣe é, lórí àga oníke, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúyọmí ni orúkọ rẹ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì sọ pé tìrẹ kọ́ nìyí. Jókòó ná. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì fẹ́ kó bí ìwọ náà, nítorí ìbínú kan wà tó máa ń la ojú ẹni.

Dókítà Abọ́dẹrìn ní ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́. Nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Àwọn abiyamọ máa ń ti Àjọwá wá bá a. Lẹ́yìn náà ni òṣèlú wọ̀ ọ́ lójú. Àkúrẹ́ ló kù tó máa ń wà, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, tí yóò sì fi ọsibítù sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí wọn ò rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Láyé àtijọ́, ìráhùn a máa parí sí ìdí kànga. Lóde òní, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tó bá ń wá ọsibítù yóò ti kọ́kọ́ rí i: ìràwọ̀ kan fún ibi tí kò dáa, ìràwọ̀ márùn-ún fún ibi tó dáa jù, àti ẹ̀rí ẹni tó ti gba ìtọ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀.

Dókítà bá ránṣẹ́ pe Olúyọmí. "Yọmí, orúkọ mi ni kó o máa bá mi bójú tó. Ìwọ ṣáà jẹ́ kó máa dán."

Ó sì ń dán. Bí ẹnì kan bá ráhùn, Olúyọmí yóò fi orúkọ ọsibítù dá a lóhùn, yóò sì da ẹ̀bi padà sórí aláìsàn. Ó pẹ́ kó tó wá. Kò gbọ́ràn. Àgbo ló ti mu nílé. Lẹ́yìn náà, yóò wá kó ẹ̀rí ìyìn rẹpẹtẹ bo ìráhùn náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ń fẹ́ orúkọ, ó sì ń fẹ́ ojú. Níbo ló ti ń rí ojú ènìyàn?

Lára ògiri ni. Ẹ sáà mọ àwọn pósítà òkú tí wọ́n máa ń lẹ̀ káàkiri ìlú wa, tí ojú ẹni tó lọ yóò máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun ti kú. Olúyọmí a gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Òkè-Àgbè, a lọ sí Àjọwá, a lọ sí Ikun, àwọn ìlú àgbẹ̀ tó rò pé ará ibẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú Ìkàrẹ́. A dúró níwájú ògiri bí ẹni tó ń kẹ́dùn, a ya àwòrán, a gé ojú òkú jáde, a fi ṣí àkáǹtì. Ó di ìyẹn, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà.

"Òkú kì í pe ènìyàn lẹ́jọ́," ló máa ń wí, a sì rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́gbọ́n ayé! Ó gbàgbé ohun tí gbogbo Àkókó mọ̀, pé ibi tí wọ́n lẹ pósítà òkú mọ́ kọ́ ni ibi tí òkú gbé nígbà ayé rẹ̀, tàbí ibi tó kú sí. Èkó lè pa ènìyàn, Ìkàrẹ́ lè pa ènìyàn, ilé ni wọ́n ń gbé e bọ̀.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin yìí mọ ìfẹ́ o. Áà, Mọ́júbọ́lá! Olùkọ́ ni ní Ọ̀kà. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nírọ̀lẹ́, tí àpáta ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, tí oòrùn ń bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣeré, ọkàn Olúyọmí a máa lù kìkìkì bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo sí. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í pariwo, ó kàn máa ń yọ lójú ni, bí òṣùpá tó yọjú lẹ́yìn òkè. Ọjọ́ tí Olúyọmí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ti fi òrùka sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́júbọ́lá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó sọ ni pé, "Mò ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó polówó ọjà." Ìfẹ́ tí irọ́ bá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé alámọ̀ létí odò ni.

Mọ́júbọ́lá kò ní òbí mọ́. Ìyá onílé rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọmọ. Màmá ni gbogbo ilé ń pe ìyá yìí, Màmá náà ni Olúyọmí sì ń pè é. Ó mọ̀ pé Màmá ti pàdánù ọmọ obìnrin kan. Kò béèrè orúkọ ọmọ náà, kò béèrè ohun tó pa á. Kò sí àwòrán rẹ̀ lára ògiri, nítorí ìlú ọkọ ọmọ náà ni wọ́n sin ín sí, òbí kì í sì í tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ dé ibojì nílẹ̀ wa. Àwọn aládùúgbò ti kó gbogbo ohun tó lè rán ìyá létí kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún fi orúkọ ọmọ pe ìyá lójú ara rẹ̀. Màmá, Màmá ṣáá ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Bàtà ọmọdé ni. Màmá a rà á lọ́jà, a tò ó sábẹ́ ibùsùn. Bó bá ṣe tún ń lọ sọ́jà, èyí tó máa rà a tóbi díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Olúyọmí rí wọn lọ́jọ́ kan.

"Màmá, ta ló ni bàtà?"

"Ẹni tí wọn ò jẹ́ kí n rí ni," Màmá fèsì.

Olúyọmí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì padà sídìí iyán rẹ̀.

Kò béèrè. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò béèrè! Ó ń jẹ iyán obìnrin náà, ó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò sì béèrè ohun tó ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wa kò ní ìbọn lọ́wọ́. Etí dídi ló ní.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Olúyọmí wá sí Ọ̀kà kí wọ́n lè mú ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò wá tọrọ ìyàwó. Mọ́júbọ́lá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gúnyán. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo. Safinat, ayálégbé tuntun tí oyún rẹ̀ ti sọ̀, na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ń tẹ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n Yọmí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ìkàrẹ́, ọsibítù Abọ́dẹrìn ńkọ́? Wọ́n ń yìn wọ́n níbí gan-an o."

"Wọ́n dáa," Olúyọmí ní, ó ń wo ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ.

"Ẹ gbọ́ ti obìnrin yìí. Theresa ló ń jẹ́. 'Ọ̀dọ̀ wọn ni mo bímọ sí, wọ́n gbé mi bí ẹyin. Ẹ̀rín ni mo rín wọlé, ẹ̀rín ni mo rín jáde. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún Dókítà.' Ìràwọ̀ márùn-ún gbáko! Ó tiẹ̀ tún wá rẹwà. Màmá, ẹ wò ó."

Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó gba fóònù.

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Àwo ẹ̀gúsí yí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gúsí fọ́n kálẹ̀, kò wò ó. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú.

"Ọdún mi nìyí," ó ní, wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdúnayọ̀ mi nìyí. Yẹtí tí mo rà fún un ló wà létí rẹ̀ yìí. Ta ló gbé ọmọ mi síbí?"

"Màmá, Theresa ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀..."

"Theresa ni orúkọ ìsàmì rẹ̀! Safinat, ibẹ̀ ló kú sí! Ọsibítù yìí gan-an! Ó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní dókítà wà ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sá sókè sódò bí adìyẹ tí àṣá dé bá. Ó di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ náà fi tutù. Ta wá ni 'ẹ̀rín ni mo rín jáde'? Ta ló rín ẹ̀rín jáde?"

Mọ́júbọ́lá ti sáré dé, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fóònù. Ojú rẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín yẹn le bí òkúta.

"Ẹ fa ìsàlẹ̀ wá," ó ní. "Ẹjọ́ tí mo bá Màmá kọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí ṣì wà. Òun nìyí. 'Ìyá Ọdún, Ọ̀kà.' Ẹ wo èsì tí wọ́n fún wa: 'Ìyá aláìsàn ló fún un ní àgbo mu nílé kí wọ́n tó gbé e dé. Ọsibítù kò jẹ̀bi.' Irọ́! Irọ́ funfun báláú! Èsì yìí ni àwọn ará ilé ọkọ Ọdún kà ní Ikun, tí wọ́n fi ní ìyá tó pa ọmọ tirẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ọmọ àwọn. Ọmọ Ọdún náà, Ìtùnú, ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ò tún fojú kàn án látìgbà náà. Torí èsì yìí! Bí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni tó kọ ọ́..."

Ìyá Ọdún, Ọ̀kà. Olúyọmí rántí. Ó ti tẹ èsì náà láìronú, ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì bu tíì mu. Obìnrin tó fi orúkọ ọsibítù bà jẹ́ níbí, ojú ọmọ rẹ̀ náà ló tún lọ gé lára ògiri ní Ikun, tó ní kó wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi í sílẹ̀ kú. Òkú kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á.

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ọmọ Ọ̀kà ni. Ikun ni pósítà yẹn wà."

Gbogbo ilé yíjú sí i. Ewúrẹ́ gan-an dúró.

"Pósítà wo?" Mọ́júbọ́lá béèrè.

Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.

"Yọmí. Mo ní pósítà wo?"

Màmá ti dìde. Kò ga, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ga ju àpáta Ọ̀kà lọ. Ó kọ́kọ́ fi ẹnu Ọ̀kà bú u, èyí tí mi ò ní í kọ síbí. Lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá tí olúkúlùkù gbọ́ sọ ọ́.

"Ìwọ? Ìwọ tí mo ń gúnyán fún? Ọmọ tí wọn ò jẹ́ kí n rí ibojì rẹ̀, ìwọ lo lọ hú u jáde? Jésù jí òkú kí wọ́n lè máa yè. Ìwọ jí òkú kó lè bá ọ purọ́! O fi àgbo sí mi lọ́wọ́, o gba ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ mi, o wá ń pè mí ní Màmá. Èmi ni Ìyá Ọdún! Pè mí bẹ́ẹ̀! Pè mí bẹ́ẹ̀ kí n gbọ́!"

Olúyọmí fẹ̀yìn rìn lọ sídìí ọ̀kadà rẹ̀.

Mọ́júbọ́lá bọ́ òrùka kúrò níka. Kò jù ú. Ó rọra gbé e lé orí ìjókòó ọ̀kadà Olúyọmí, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ kejì. "Ẹ̀gàn ni hẹ̀! Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi pé mo ń fi orúkọ rẹ sùn. Gbà, máa lọ, kí n tó fi nǹkan yìí la orí rẹ."

Ẹ rò pé ó ronú pìwà dà níbẹ̀? Rárá o. Inú ló ń bí i! Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, tó ń fi ọ̀kadà ya kòtò, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Kí ni mo ṣe gan-an? Ṣé èmi ni mo pa á? Ṣé èmi ni dókítà? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mo ṣe. Báyìí ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe máa ń gbèjà ara rẹ̀, tí ẹnu kò sì ní í rẹ̀ ẹ́.

Ó bá Dókítà nílé, nínú agbádá funfun, ó fẹ́ lọ síbi ìpàdé kan. Ó ro ẹjọ́ náà fún un. Dókítà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé torí èyí lo fi ń làágùn? Yọmí, ọmọdé ṣì ń ṣe ọ́. Pa á rẹ́, kó o wá ojú mìíràn. Òkú pọ̀ ní Àkókó."

Òkú pọ̀ ní Àkókó. Olúyọmí dúró bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù wẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu tirẹ̀ jáde nìyẹn. Ohùn tirẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín tirẹ̀ nìyẹn. Ó wo ojú Dókítà, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń wo dígí. Ó rí ẹni tí yóò dà bó bá dàgbà.

Ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ níta, ó pa ẹ̀rí Theresa rẹ́. Ó pa èsì àgbo rẹ́. Ó pa àkáǹtì gbogbo àwọn òkú tó kù rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù mọ́ tónítóní. Ó di ojú, ojú Ọdúnayọ̀ sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú yẹtí létí.

Clement ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olúyọmí. Olúyọmí ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó wá bá òun kọ ẹ̀rí, Clement kọ̀. Látìgbà náà ni Olúyọmí ti ń pè é ní Póòpù Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ yìí, Olúyọmí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ìkan pamọ́.

Clement gbọ́ ọ tán. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti le.

"Ìgbátí ni mo fẹ́ gbá ẹ. Jésù ló di ọwọ́ mi mú."

"Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Clement."

"O pa á rẹ́ lórí fóònù. Ṣé o pa á rẹ́ ní Ikun? Ṣé o pa á rẹ́ lọ́kàn ìyá yẹn? Ọlọ́run ńkọ́, ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú ìka ara rẹ̀ sórí òkúta pé kí a má jẹ́rìí èké, ṣé o ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ náà?"

Olúyọmí bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìfẹ́ bí irú èyí tí wọ́n ń sun nínú fíìmù. Ẹkún ẹni tó rí ìdọ̀tí ara rẹ̀ ni.

"Kò sí ọ̀nà mọ́ fún mi nìyẹn."

Ohùn Clement rọ̀. Ó fà á mọ́ra.

"Ọ̀nà wà. Àwọn ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n fi dá Jésù lẹ́bi. Àwọn ènìyàn bíi tìẹ, tí wọ́n gba iṣẹ́ kí wọ́n wá purọ́. Ó ń gbọ́ ọ, kò fèsì. Wọ́n kàn án mọ́gi torí irọ́ wọn, ó sì ń bẹ Baba pé kó dárí jì wọ́n. Yọmí, ẹ̀jẹ̀ yẹn nìkan ló ń pa ohun tí Ọlọ́run ti kọ sílẹ̀ rẹ́. Má pa á mọ́. Má wẹ̀ ẹ́. Gbé e wá bó ṣe rí."

Wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín àwọn fóònù tó ti bàjẹ́. Olúyọmí kò mọ àdúrà dídùn. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo gba ẹnu òkú. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Mi ò ní ẹ̀rí rere kankan láti mú wá. Ṣàánú mi." Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó. Nígbà tó dìde, ojú Ọdúnayọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé e sá mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń tọ́ka sọ́nà kan. Ọ̀nà Ikun ni.

Ìdáríjì tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa!

Òun àti Clement jọ lọ. Pósítà náà ṣì wà lára ògiri ilé ọkọ Ọdúnayọ̀, oòrùn ti mú kó ṣá. Bàbá ọkọ Ọdúnayọ̀ jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ kékeré kan sì ń lé adìyẹ kiri iwájú wọn. Olúyọmí dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ pósítà náà, nínú eruku, kò sì dìde.

"Bàbá, Ọdúnayọ̀ kò mu àgbo. Ìyá rẹ̀ kò fún un ní nǹkan kan. Dókítà ò sí ní ọsibítù ló fi kú. Èmi ni mo kọ èsì tẹ́ ẹ kà. Irọ́ ni."

Bàbá náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá ní kó dìde dúró. Ó dìde. Ìgbátí tí bàbá náà gbá a, àwọn tó wà ní ojúde kejì gbọ́ ọ. Olúyọmí kò gbé ọwọ́ sójú.

"Láti ọjọ́ tí a ti ka èsì yẹn," bàbá ní, "ni mo ti ń bú obìnrin yẹn nínú àdúrà mi. Nínú àdúrà! O sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Wẹ ọmọ yìí. Wọ aṣọ tó dáa fún un. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kí wọ́n tó gbéra, Olúyọmí ti kọ òtítọ́ síbi tó kọ irọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti ojú ara rẹ̀. Dókítà fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ kó wọn wá, sà. Ohun tí mo kọ náà ni n ó sọ fún wọn." Mo ń gbàdúrà fún dókítà yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń gbà á.

Wọ́n dé Ọ̀kà. Bàbá ará Ikun bọ́ fìlà, ó dojú bolẹ̀ níwájú obìnrin tó ti ń bú. Màmá kò wò ó. Ọmọ náà ló ń wò. Ó rọra kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó fa gbogbo bàtà abẹ́ ibùsùn jáde, ó sì ń wọ̀ wọ́n wò fún ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí kéré. Èyí kéré. Èyí náà ti kéré. Ẹsẹ̀ ti kọjá lára wọn láìwọ̀ wọ́n. Èyí tó rà kẹ́yìn ló wá tóbi jù.

"Kò burú," Màmá ní, omi ń kán sórí bàtà náà. "Yóò dàgbà bá a. Ojú mi ni yóò ṣe."

Ìtùnú wọ́ bàtà ńlá náà nílẹ̀ ṣàṣà ṣàṣà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olúyọmí dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kò lójú tí yóò fi wọlé. Màmá gbójú sókè.

"Mi ò tíì lè máa wo ojú rẹ," ó ní. "Ọlọ́run ń bá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n pè mí bí mo ṣe sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ọdún," Olúyọmí ní.

Ìyá náà di ojú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ. "Hẹ̀n," ó ní. "Wá jókòó."

Mọ́júbọ́lá ló gbé omi wá fún un. Ìka rẹ̀ ṣófo. Olúyọmí kò sọ̀rọ̀ òrùka, ọgbọ́n ti ń dé. "Mo ka ohun tó o kọ," Mọ́júbọ́lá ní. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ka òtítọ́ láti ọwọ́ rẹ nìyẹn. Má tíì kó ẹbí wá o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ẹni yìí ná." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú rẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí òṣùpá tí ìkùukùu kò tíì fi sílẹ̀ tán.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́?

Má bínú sí Olúyọmí kó o sì fi ara rẹ sílẹ̀. Ìwọ náà ń bójú tó orúkọ. O ti fún ara rẹ ní ìràwọ̀ márùn-ún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àdúgbò, lójú àna rẹ. Ẹni tó ráhùn nípa rẹ, o ti dá a lóhùn: òun ló jẹ̀bi, òun ló mu àgbo. Ìyàwó tó o lù, o ní ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. Ọmọbìnrin tó o já sílẹ̀, o ní ìwà rẹ̀ ni kò dáa. O ti pa gbogbo ẹ̀rí tó takò ọ́ rẹ́, ojú rẹ sì ń dán lóde. Òpùrọ́! Ṣé o rò pé Ọlọ́run ń ka ohun tó o lẹ̀ mọ́ ògiri? Ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ ló ń kà. Ohùn àwọn tó o dí lẹ́nu ló ń gbọ́.

Síbẹ̀, ó nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìfẹ́ tí kò dà bíi ti Mọ́júbọ́lá, tó fẹ́ kọ́kọ́ mọ ẹni tí a jẹ́ ná. Ó ti mọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, ó sì kú fún ọ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Má sọ fún un pé o dáa. Sọ òtítọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, wá Ikun tìrẹ lọ, bí ìgbátí tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Má wí pé ó di ọ̀la. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò lẹ ojú ìwọ náà mọ́ ògiri ní ìlú rẹ, tí ìwọ náà yóò máa rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń kọjá lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni lè fi ohun tó bá wù ú sí ọ lẹ́nu, o kò sì ní lè dá a lóhùn. Òní nìyí, ẹnu rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ. Fi ké pe Jésù.